Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Kóòtù dúdú tí mo yá lọ́wọ́ Adétóún fẹ̀ ju èjìká mi lọ.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gun àtẹ̀gùn náà láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó, ní Ṣágámù, lókè ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì.
Mo rò pé òórùn ìwé tuntun ni òfin máa ń rùn.
Òórùn obì tí wọ́n ń kó sápẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ló gba ojú fèrèsé wọlé,
obì, àti èéfín jẹnẹrétọ̀.

Wọn ò fún mi lẹ́jọ́. Fáìlì ni wọ́n fún mi.
Bàbá Ògúnmọ́rótì, akọ̀wé tó ti rí lọ́yà mẹ́fà tó dé tó sì lọ,
kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lu ìwé, bí wọ́n ṣe ń fi okùn dì í.
"Ọmọ yunifásítì, ka ojú ewé. Bí ẹyọ kan bá sọnù,
ilẹ̀ ẹnì kan lè bá a lọ."
Mo kà á: igba ó lé mẹ́tàdínlógún.
Mo tún un kà: igba ó lé mẹ́rìndínlógún.
Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín.
Ó da ẹ̀pà sínú garí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kẹta."

Ẹjọ́ oko obì kan ni, lọ́nà Òde Rẹ́mọ,
ẹ̀gbọ́n àti àbúrò,
ààlà tí pèrègún mẹ́ta ń ṣọ́
kí katakata tó hú wọn lóru.
Olùpẹjọ́ náà ò lójú, kò lóhùn;
àtàǹpàkò aláwọ̀ aró kan ni,
nísàlẹ̀ ìwé ìbúra.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, àtàǹpàkò náà gun òkè wá.
Ó di ògiri mú, ó mí, ó tún mí.
Ó ní ṣé ibí ni wọ́n tọ́jú oko òun sí.
Lọ́yà Òkúsànyà ò sí nílé, Bàbá ti lọ fọ abọ́.
"Ìwọ tó o wọ dúdú yìí, ka ohun tí mo sọ fún mi."

Mo kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe wà níbẹ̀.
Ó fetí sí i títí dé òpin,
bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù aládùúgbò.
Ó ní, "O ṣeun. Kí ni mo wá sọ?"

Ọdún mẹ́ta ni mo fi há òfin sórí.
Mo ní, "Dúkìá tí kò ṣeé gbé."
Ó ní, "Ilẹ̀ ni, àbí?"
Mo ní, "Olùjẹ́jọ́ kìíní."
Ó dákẹ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.
"Ṣógbèsan nìyẹn. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n."

Mo wá a nínú ìwé. Mo wá a dáadáa.
Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ó pọ̀n ọ́n.

"Kọ ọ́ sí i," ló wí.
Mi ò láṣẹ. Mo kọ ọ́,
pẹ́ńsùlù, lórí abala tákàdá, mo fi há àárín fáìlì.
Lọ́jọ́ kejì Bàbá Ògúnmọ́rótì ka ojú ewé:
igba ó lé méjìdínlógún.
Ó wo tákàdá náà pẹ́. Ó wò mí.
"Adájọ́ ò ní gba èyí."
Ó yọ ọ́, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi sápò àyà,
kò jù ú nù.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin la lò ní kóòtù.
Wọ́n sún ẹjọ́ sí oṣù kẹwàá.
Ìyá náà bi mí ní ìta bóyá òun ti wọlé.
Mo ní, "Ẹ ti jáde, Mámà."

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ mi pé. Lọ́yà kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mo já fáfá.
Ìwé ilé ẹ̀kọ́ béèrè ohun tí mo kọ́,
ó fi ìlà méjì sílẹ̀ fún un.
Mo kọ: kíka ojú ewé.
Ìlà kejì ṣì ṣófo.
Oṣù kẹwàá, máa ti wọlé ìwé padà.
Ta ni yóò kà á fún un?